Bàbá Agbẹ́lẹ̀ àti Ewúrẹ́ Tó Gbé E Níyì

Bí ẹ bá dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn lónìí, tí ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ nípa olóògbé Bàbá Agbẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ìyá Kòkòrò ló mọ̀ ọ́n sọ jù. Inú yàrá kan náà ni obìnrin yìí ti ń tọ́jú labalábá àti agbọ́n gbígbẹ, tí baba náà sì ń kó àpáàdì àtijọ́ tó ń hú nínú ilẹ̀ jọ. Ìṣojú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, kò sì tíì dárí ariwo ọjọ́ yẹn jì í.

Bàbá Agbẹ́lẹ̀ padà sídìí kòtò kan tí òun fúnra rẹ̀ ti gbẹ́ nígbà kan rí, tí wọ́n sì ti dí padà. Ó ń gbẹ́ ẹ lọ, ó kan eegun. Àmì ọ̀bẹ wà lára eegun náà. Ni baba bá figbe ta. Ó fi òwú dì í bí ọmọ tuntun, ó ránṣẹ́ pe àwọn oníròyìn, ó wọ kóòtù tó ti fún un láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní ẹran náà ti pa rẹ́ láyé. Ó ní ẹni tó kun ún jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, onísùúrù, ẹni tó fẹ́ràn ìdílé rẹ̀.

Ìyá Kòkòrò gba eegun náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó fa nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú ihò rẹ̀.

"Bàbá Agbẹ́lẹ̀, kí lèyí?"

"Iṣan ẹran náà ni. Ìyanu ńlá ni pé kò jẹrà."

"Ọ̀rá ni, ẹ̀yin baba yìí. Etí ọ̀rá tí wọ́n fi gbé ẹran wá láti ọjà ni."

Ewúrẹ́ ni. Àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò náà ló sè é jẹ lọ́sàn-án, wọ́n da eegun rẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Baba ti hú oúnjẹ ọ̀sán ara rẹ̀ jáde. Òun gan-an ló kun ẹran náà lọ́jọ́ yẹn, ọlọ́wọ́ òsì sì ni.

Ẹlòmíràn ì bá lọ fara pamọ́. Bàbá Agbẹ́lẹ̀ kọ̀, ó gbé eegun náà sórí tábìlì rẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún. "Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ewúrẹ́," ló wí, "kì í ṣe ewúrẹ́ lásán."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nínú ohun gbogbo. Ohun tí kò bá mọ ìlò rẹ̀, á ní ohun ìbọ ni. Ó gbé irin róbótó kan sínú àpótí onígíláàsì, ó ní níwájú rẹ̀ ni àwọn àtijọ́ ti máa ń kúnlẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn ni Ìyá Kòkòrò ń wá irin tí wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbá a. Nígbà tó rí i nínú àpótí, tó sì mú un jáde, baba ṣe bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Nílé ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ kò lè pe àlejò wá jẹun mọ́. Bí àlejò bá ti jẹun tán, baba á fa abọ́ rẹ̀ mọ́ra, á to eegun inú rẹ̀ jọ létòlétò, á wá gbójú sókè. "Eegun itan kan ò sí ńbí o. Àpò ta ló wà?"

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá sọ pé kí àwọn èèyàn gba òun gbọ́. Ọ̀gá Àgbà ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà fẹ́ da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀, kí àwọn ọ̀gá lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Bàbá Agbẹ́lẹ̀ ti gbẹ́ kòtò kan síbẹ̀, ó sì sáré wọlé tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ dá wọn dúró! Ààrò àwọn àtijọ́ wà lábẹ́ ibẹ̀."

"Ààrò àwọn bíríkìlà tó kọ́lé yìí ni," Ọ̀gá Àgbà dáhùn.

"Ó pẹ́ ju bíríkìlà lọ fíìfíì."

"Ṣé ó pẹ́ tó ewúrẹ́ yẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Ìyá Kòkòrò ló sì rín in pẹ́ jù. Wọ́n ní kí baba mú ẹ̀rí wá kí ọkọ̀ kọnkéré tó dé lọ́jọ́ Ajé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó panu mọ́. Bí kọnkéré bá ti bo ààrò náà, ó bò ó nìyẹn. Baba kò jẹun ọ̀sán mọ́, inú kòtò ló ń wà.

"Ìyá Kòkòrò, sọ̀kalẹ̀ wá wò ó, jọ̀ọ́."

"Ojú mi ti rí ewúrẹ́ yín. Ó tó mi."

Lọ́sàn-án Sátidé, baba ní kí òun rọra sùn díẹ̀. Kò jí mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Kòkòrò sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò náà. Kì í ṣe nítorí ààrò o. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó fi ń gbọn eruku lára labalábá ló ń wá, èyí tí olóògbé ti mú láìtọrọ. Ó rí i. Ẹrẹ̀ ti gan mọ́ ọn lára. Ó ṣépè díẹ̀, kí Ọlọ́run má kà á sí i lọ́rùn. Ó wá rí òkúta mẹ́ta, eérú láàárín wọn, àti àwọn ègé amọ̀ pupa tó wà nínú eérú náà. Baba ti yọ irú amọ̀ yẹn kan, ó fi tẹ etí tapólì tó fi ń bo kòtò mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.

Ìyá Kòkòrò mú un. Yàrá kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé àpáàdì lèyí. Ilé agbọ́n ni, agbọ́n inú igbó kìjikìji, èyí tí kì í kọ́lé síbòmíràn àfi ara igi ńlá. Ẹnìkan ti ṣẹ́gi nínú igbó wá síbí, ilé agbọ́n wà lára igi náà, iná sì sun ún di pupa. Nígbà tí àwọn bíríkìlà dé, títì àti ṣọ́ọ̀bù ló ti yí ibí ká láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Igbó wo ni wọn ì bá ti rí?

Ọkọ̀ kọnkéré dé, ó ń pariwo.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ọjà yìí ń gan lọ nínú ọkọ̀ mi."

"Kó gan. Dà á lé mi lórí bí o bá láyà."

Awakọ̀ lọ pe Ọ̀gá Àgbà. Ìyá Kòkòrò na amọ̀ náà sí i láti inú kòtò, ó sì ṣàlàyé fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan náà péré.

"Ẹ̀yin náà, Ìyá Kòkòrò?" Ọ̀gá Àgbà wí. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ lewúrẹ́ yẹn. Èyí kì í ṣe ewúrẹ́."

Ọ̀gá Àgbà wo amọ̀ náà pẹ́. Ó wo àwọn ọkọ̀ àwọn ọ̀gá tó ń yan gbẹ lóòrùn, ó mí kanlẹ̀, ó sì juwọ́ sí awakọ̀ pé kó máa lọ.

Nígbà tí ariwo ọkọ̀ náà ti jìnnà, Ìyá Kòkòrò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò náà, ó ń fi èékánná há ẹrẹ̀ kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

"Bàbá Agbẹ́lẹ̀, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi tẹ tapólì. Ẹ ò mọ nǹkan kan rárá."

Ó gbé orí sókè, ó ń retí èsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ wà nínú yàrá yẹn, kò tíì bú ọkùnrin náà rí kó má dá a lóhùn.

Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀.