Ìgò Tó Kọ̀ Tí Kò Tàn

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé irọ́ ni mò ń pa, kó wá bá mi ní Ìkẹ́rẹ́, màá fi kọ́kọ́rọ́ fíríìjì kan hàn án. Ọ̀sán gangan ni o, kì í ṣe òru.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá àyẹ̀wò. Èmi àti ọ̀gá mi, Bàbá Ògo, la jọ po omi èròjà kan. Ẹ̀kán méjì péré lẹ máa kán sínú ìgò. Bí májèlé inú ẹ̀gẹ́ bá wà níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ tan iná búlúù sí i nínú òkùnkùn, gbogbo ìgò á tàn yòò bí ewé tútù. Ẹ gbà mí gbọ́, ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn, ijó ni mo jó yí tábìlì ká.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìyá mi fi fùfú díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Ìsẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ọlọ́kadà ló gbé e wá. Omi ò sí, ọjọ́ kan péré ló fi rẹ ẹ̀gẹ́ náà, ewúrẹ́ tó jẹ èèpo rẹ̀ sì ti kú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ọmọ mi méjèèjì ń gbé. Mo ní kó má tíì fún wọn jẹ.

“Ṣé ewúrẹ́ ni wá ni?” ó bi mí lórí fóònù. “Àwọn ọmọ ti dé ulé, ebi ń pa wọ́n. Tètè dá mi lóhùn.”

Mo fa aṣọ dúdú bo fèrèsé, mo kán èròjà sí fùfú, mo tan iná búlúù. Kò tàn rárá. Inú mi dùn débi pé mo ti ń wá nọ́ńbà ìyá mi kí n ní kí wọ́n máa jẹun.

Ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, wúyẹ́wúyẹ́.

“Òkùnkùn kì í ṣe ẹ̀rí. Dán èèpo wò ná.”

Bàbá Ògo ni. Ojú tì mí, torí òfin rẹ̀ nìyẹn: kí o tó gba ìgò tí kò tàn gbọ́, kọ́kọ́ kán èròjà sí omi èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, èyí tó dájú pé májèlé wà nínú rẹ̀. Ìkánjú ló jẹ́ kí n fo ìyẹn.

“Ẹ má bínú, sà,” mo ní. N ò yíjú padà.

Mo kán an sí omi èèpo. Kò tàn. Ojú fèrèsé ni mo gbàgbé èròjà yẹn sí lánàá, oòrùn ti bà á jẹ́.

Mo nawọ́, ọwọ́ mi bá ìgò èròjà tuntun lórí tábìlì, ó tutù nini. Mo kán an. Omi èèpo tàn. Fùfú ìyá mi tàn jù ú lọ.

“Màámi, ẹ dà á nù. Ẹ dà á nù kíá.”

Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ mi ti bu òkèlè. Ìyá mi ló gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sáré jáde kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Akọ̀wé wa jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é láti ilé Bàbá Ògo ní Emùré ni: bàbá ò jí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo padà wọlé. Fíríìjì tí èròjà tuntun máa ń wà ṣì wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan ló ní, inú àpò Bàbá Ògo ló sì ń gbé. Ọmọ rẹ̀ ló fi í lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìnkú.

N ò mọ ẹni tó ṣí i. Bí mo bá rántí, inú mi a dùn, ẹ̀rù a sì bà mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi ọjọ́ kan rẹ ẹ̀gẹ́, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan níbì kan, ẹ má fọmọ yín búra pé kò sí nǹkan níbẹ̀.