Bèbí Tí Mo Kùn fún Ìyá Ìbejì

Òórùn tínà tá a fi ń po pẹ́ńtì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi l'Ẹdẹ, níbi tá a ti ń kun ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́, ó sì máa ń bá mi délé lára aṣọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló mọ bí ọwọ́ mi ṣe yá tó. Kẹ̀kẹ́ táwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi ọjọ́ méjì kùn, kóòrùn tó wọ̀ ni mo ti parí ẹ̀. Lóòótọ́, mi ò parí ìwé, àmọ́ ta ló fẹ́ kọ́ mi ní pẹ́ńtì?

Lọ́jọ́ kan, ìyá ìbejì kan gbé bèbí oníke wá, bèbí òyìnbó kékeré tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kẹ́hìndé ẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ ká kun bèbí náà ní àwọ̀ ọmọ yẹn, kó lè máa tọ́jú ẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kù, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn. Táyé wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ń nawọ́ sí i. Ọ̀gá mi ní kí n fọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n fi sáńpépà ha á díẹ̀díẹ̀, kí n kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, kó sì lo ọjọ́ mẹ́rin nínú atẹ́gùn.

"Ọ̀gbẹ́ni kíákíá, ṣó o gbọ́? Èyí kì í ṣe kẹ̀kẹ́."

"Ọ̀gá, bèbí lásán."

Kò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe lọ síṣẹ́ nílùú Awo báyìí, mi ò fọ nǹkan kan, mi ò ha nǹkan kan. Mo da pẹ́ńtì ọkọ̀ lé e, ó ki bí ẹ̀kọ. Ni ike náà bá ń rọ̀. Ojú ẹ̀ kan wọnú, ẹnu ẹ̀ là díẹ̀ bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tíyàá náà dé lọ́jọ́ kejì, pẹ́ńtì náà ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ó ti gbẹ?"

"Ó ti gbẹ, mà."

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo gbọ́ pé Táyé ń bì, kò lè gbé ọrùn dúró. Gbogbo agboolé ń sọ pé Kẹ́hìndé ló wá mú ìkejì ẹ̀. Wọ́n ti se ẹ̀wà láti fi bẹ̀ ẹ́. Mo rọra gba iwájú ilé wọn kọjá nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn ìyá náà: "Kẹ́hìndé, jọ̀ọ́, fi èyí sílẹ̀ fún mi." Táyé sùn sórí ẹní, orí bèbí náà wà lẹ́nu ẹ̀, ó ń fà á mu. Pẹ́ńtì ti tán lórí yẹn, ike funfun ló kù. Mo mọ̀. Mo sì bá tèmi lọ.

Mo dùbúlẹ̀ sílé títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo padà lọ.

"Mà, kì í ṣe Kẹ́hìndé. Pẹ́ńtì mi ni. Kò tíì gbẹ nígbà tí mo gbé e fún yín. Ẹ gbé Táyé lọ ọsibítù."

Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó dá ọ̀kadà dúró, ó lọ.

Táyé yè é, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ẹ̀ ò bú mi rí. Àmọ́ òru ọjọ́ kan yẹn ṣì wà lára mi: ìyá kan ń bẹ ọmọ ẹ̀ tó ti kú, ọmọ tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀, èmi sì dùbúlẹ̀ sílé, mo jẹ́ kí ọmọ yẹn bá mi ru ẹ̀bi mi.