Ewúrẹ́ Tí Bàbá Mi Pa Kẹ́yìn

Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, mo gba ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ran kọjá ní Orè. Wọ́n ń wi irun ewúrẹ́ lórí iná, òórùn rẹ̀ sì gbá mi nímú. Mo fọwọ́ ti ògiri. Ọmọbìnrin tó ń ta omi níbẹ̀ ní, "Mọ́mì, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí nǹkan. Bàbá mi ni mo rántí.

Abúlé Ajue, nítòsí Orè, ni a ń gbé nígbà náà, láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí títì ọlọ́dà ńlá sì sọ Orè di ibi tí ọkọ̀ kì í tán. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ló fẹ́ràn. Wọn kì í ju méje, mẹ́jọ lọ, ó sì mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èmi ọmọ rẹ̀ bá ké, á ní kí n lọ bá ìyá mi; bí ewúrẹ́ bá ké, á dìde.

Òun náà ni gbogbo abúlé ń ké sí bí wọ́n bá fẹ́ pa ẹran. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kì í jẹ́ kí wọ́n wọ́ ẹran nílẹ̀. Á fún un lómi mu, á mú un kúrò lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á fi aṣọ bò ó lójú. Ọ̀bẹ rẹ̀ mú débi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀ ń lọ. Ó máa ń sọ pé, "Jíjẹ la fẹ́ jẹ ẹ́, a ò bá a jà."

Ọdún tí mo yege ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama, mo ní dandan ni kí a pa ewúrẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo ti rí i tí ife ń gbọ̀n lọ́wọ́ bàbá mi, tí omi ń dà sí i láyà. N kò sọ fún ìyá mi. Bí mo bá sọ, wọn ò ní pa ewúrẹ́ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé a ò lè fi adìẹ ṣe é?" Mo bú sẹ́kún. Ó bá wọlé lọ mú ọ̀bẹ.

Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti máa ń ṣe é: omi, aṣọ, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Ewúrẹ́ náà ké, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń sá kiri àgbàlá tòun tẹ̀jẹ̀. Aládùúgbò wa ló sáré mú un, tó sì parí rẹ̀. Bàbá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo àjèjì. "Mo fìyà jẹ ẹ́," ló ń wí. "Mo fìyà jẹ ẹ́."

Àwọn ọ̀rẹ́ mi jẹ, wọ́n sì jó. Èmi ò fọwọ́ kan ẹran náà.

Kí oṣù náà tó parí, ó fa gbogbo ewúrẹ́ tó kù lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ ní Araromi-Obu. Kò pa ẹran mọ́. Àìsàn tó ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n náà le sí i, ní ọdún kẹta ló kú. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bí mo bá ti ilé-ìwé dé, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ewúrẹ́ tó ti ṣófo ni mo máa ń bá a, lórí àpótí. Á béèrè ẹ̀kọ́ mi, á rẹ́rìn-ín. Kò fìgbà kan mẹ́nu ba ọjọ́ náà. Èmi náà kò sì tọrọ àforíjì.

Lónìí, ìkánjú ti bá iṣẹ́ ẹran pípa ní Orè. Ẹran kan á máa wò bí wọ́n ṣe ń pa èkejì. Ṣùgbọ́n ní abúlé, mo ṣì ń rí àwọn kan tó ń bo ẹran lójú, bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé bàbá mi ló kọ́ bàbá wọn.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń béèrè irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló fìyà jẹ ohun ẹlẹ́mìí láyé rẹ̀, àti pé nítorí tèmi ni.