Ìlà Kejì nínú Ìwé Fúráídè

Fún odindi sáà kan àti ààbọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni tíṣà ọmọ mi ń kọ sínú ìwé rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, èmi náà sì ń fọwọ́ sí i. "Kò sí." Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí.

Ọmọ wa kan ṣoṣo ni. A ti dàgbà kí a tó bí i, nígbà tí ó sì wọ kíláàsì karùn-ún ní Kabba níbí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Tíṣà kíláàsì náà, ọkùnrin kan tí kò tíì tó ẹni ogójì ọdún, ní ìlànà kan tí mi ò rí lọ́dọ̀ tíṣà mìíràn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìkọ̀wé kan tí àwọn ọmọ ń pè ní ìwé Fúráídè. Tí ọjọ́ Ẹtì bá dé, tíṣà á kọ ìlà mẹ́ta sínú rẹ̀. Ìlà kìíní ni ohun tí wọ́n kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ìlà kejì ni ohun tí kò tíì yé ọmọ náà, ìlà kẹta ni ohun tí òbí lè ṣe sí i nílé. Òbí á kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, á fọwọ́ sí i, ọmọ á sì dá a padà ní ọjọ́ Ajé.

Ìyàwó mi ló ń mójú tó ìwé náà, èmi kì í dá sí i. Bí ó bá ti ọ́fíìsì dé ní ọjọ́ Ẹtì, orí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ti máa ń kà á, kó tó bọ́ bàtà. Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn á ní kí ọmọ náà lọ bu kóró kajú wá láti ẹ̀yìnkùlé, àwọn méjèèjì á sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn á máa kà á, wọn á máa pín in.

Ó kú ní ìdajì sáà kìíní. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìwé náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mi ò lè wo àwọn ojú ewé tí ìyàwó mi kọ nǹkan sí. Mo kó wọn pọ̀ mọ́ èèpo ìwé náà, mo fi rọ́bà dè é, tó fi jẹ́ pé ibi tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣí sí. Níbẹ̀, ní ìlà kejì, tíṣà kọ ọ́ pé: Kò sí. Mo rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Mo kọ "A dúpẹ́" sábẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e: Kò sí. A dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a lọ tí sáà kìíní fi parí, tí sáà kejì náà fi parí.

Iṣẹ́ tí mo ṣe ló ta mí lólobó. Ìgbà kan wà tí òjò ba ọ̀nà Mákútù jẹ́, tí mi ò lè dé oko tí wọ́n ní kí n lọ yẹ̀ wò. Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ pé kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ka ìròyìn tí kò sí ìṣòro nínú rẹ̀, mo máa ń bi ara mi bóyá ẹni tó kọ ọ́ tilẹ̀ débẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà kẹta, mo pe ọmọ náà. Mo ka kóró kajú mẹ́rìnlélógún sórí tábìlì, mo ní kó fún mi ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn. Ó wo kajú, ó wò mí. Ó mú mẹ́ta. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó fi ọ̀kan kún un, ó di mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ lọ gbálẹ̀.

Ilẹ̀ tí ó ti gbá láàárọ̀ ni.

Ìdá yìí kan náà ni wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù nínú sáà kejì kọ́. Ó wà ní ìlà kìíní léraléra. Ìlà kejì sì ń sọ fún mi pé kò sí ohun tí kò yé e.

Ojú ń tì mí láti sọ pé ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo rò pé ó ń ya ojú ewé, tàbí pé ó ń bá tíṣà kọ̀wé. Mo tú rọ́bà náà. Mo ka ewé ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí èyí tó sọnù. Mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé wé ọwọ́ ìkọ̀wé. Tíṣà ló kọ gbogbo rẹ̀, kò sí àní-àní.

Ṣùgbọ́n nígbà tí rọ́bà ti kúrò, ojú mi já lu ohun tí mo ti ń sá fún. Nígbà ayé ìyàwó mi, ìlà kejì kò ṣófo rí. Ní ojú ewé kan, tíṣà kọ ọ́ pé ìṣirò pínpín onílà gígùn ń dà á láàmú, pé ó máa ń gbàgbé láti gbé nọ́ńbà tó kù sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi dá a lóhùn sábẹ́ rẹ̀: "A ti tún un ṣe ní Sátidé. Kì í ṣe pé ó ń gbàgbé, eré ló ń sáré lọ ṣe. Ẹ bá mi fà á létí." Mo ka ojú ewé mẹ́rin bẹ́ẹ̀, mo pa ìwé náà dé.

Ìfura mi wá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, ó di ti tíṣà. Ó lè jẹ́ pé ìjókòó kan ló fi ń kọ ti gbogbo àwọn ọmọ náà báyìí. Ó sì lè jẹ́ pé ìyá ọmọ ló ń bọ̀wọ̀ fún, tó sì gbà pé bàbá kì í kà á. Kí n tó lè mọ̀, àfi kí n rí ìwé ọmọ ẹlòmíràn.

Obìnrin kan ń gbé ní òdìkejì ilé wa tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú tèmi. Mo lọ bá a ní àárọ̀ Sátidé, níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kí i ní "okun", bí a ṣe ń kí ara wa níbí, òun náà ní "okun". Mo ní mo fẹ́ wo ìwé Fúráídè ọmọ rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, bàbá? Kì í ṣe ohun tí mò ń fi han èèyàn o. Tíṣà ti bú wa tán síbẹ̀."

Síbẹ̀ ó nu ọwọ́, ó mú un jáde. Ìlà kejì kún fọ́fọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan, tíṣà kọ ọ́ pé ọmọ náà rò pé ìdá kan nínú mẹ́jọ tóbi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, nítorí pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. Ìyá rẹ̀ ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

Mo bi í pé ṣé ó mọ ìdí tí tèmi fi ṣófo. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ kò jọra. Ó ní oòrùn ti ń mú. Obìnrin yìí kan náà, tó jẹ́ pé bí mo bá kí i ní ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń gbà mí kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo padà sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé ó mọ nǹkan tí mi ò mọ̀.

Láti Sátidé títí di ọjọ́ Ajé, èrò mi kò dára. Mo rò pé tíṣà ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ tí kò ní ìyá mọ́ kò ní lè ṣe é, pé ó ti yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù kí ọdún ẹ̀kọ́ parí. Yálà kí ọmọ náà wọ kíláàsì kẹfà, níbi tí ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama wà, láìmọ ìdá, tàbí kí wọ́n ní kó tún karùn-ún ṣe. Ká ní mo ti mọ̀ ní oṣù kìíní ni, àyè ì bá wà.

Mo fọwọ́ ara mi gbé ìwé náà lọ sí ilé ìwé, ní àsìkò ìsinmi ráńpẹ́. Tíṣà nìkan ló wà ní kíláàsì, ó ń máàkì. Ó dìde, ó kí mi, ó fún mi ní àga tirẹ̀. Mo ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Tíṣà, kí ni kò yé ọmọ mi?"

Ó wo ìlà kejì. Ó lọ ti ilẹ̀kùn, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìwé ìkọ̀wé mìíràn jáde láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Orúkọ ọmọ mi ló wà lára èèpo rẹ̀.

"Èyí ni ìwé ọmọ yín, sà," ó ní. "Èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ fún. Ọdún kò tíì pé. Mo fẹ́ fà á lé yín lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrántí."

Kò nílò kó ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àdúgbò wa, bí ikú bá wọlé, wọn kì í gbé ọ̀rọ̀ tó le lọ bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ títí tí wọ́n á fi ṣe ìrántí ọdún kan. Nígbà tí ìyá mi kú, afẹ́fẹ́ wó ọgbà tí bàbá mi so iṣu mọ́ lulẹ̀ ní oko ọ̀nà jíjìn. Àwa ọmọ tún un dì, a dákẹ́. Ìgbà tí ọdún pé la tó sọ iye iṣu tó jẹrà fún un, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Mo wà lára àwọn tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n iṣu yẹn ti bàjẹ́ tán kí a tó débẹ̀, kò sí ohun tí bàbá mi ì bá rí ṣe sí i. Ti ìdá yìí ṣì ń bàjẹ́ sí i lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni.

Mo ṣí ìwé náà. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mọ́. Kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìdá kò yé e, mo ti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì. Ìdá, bákan náà. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí òbí ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ọwọ́ ìkọ̀wé kan tí mo mọ̀ ti kọ "Mo ti rí i", pẹ̀lú ìfọwọ́sí tí wọ́n fara balẹ̀ fà bíi tèmi.

Mo bi í pé ta ló fọwọ́ sí i.

"Ọmọ yín ni, sà. Mo ní ó yẹ kí ẹnìkan láti ilé yín máa rí i. Òun gan-an ló bẹ̀ mí pé kí n má tíì sọ fún yín. Ó ní ẹ kì í jẹ oúnjẹ yín tán."

"Tíṣà," mo ní, "òun náà ń ṣọ̀fọ̀."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. Bẹ́ǹṣì náà kéré fún un, orúnkún rẹ̀ yọ sókè. Ó ní òun kò rò ó bẹ́ẹ̀, pé ọmọ ń sáré, ọmọ ń ṣeré, àgbà ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù fún. Ó ní ọ̀gá ilé ìwé ti béèrè orúkọ àwọn tó máa tún kíláàsì ṣe. Òun ti kọ ti ọmọ mi, ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ni òun fi kọ ọ́.

A fẹnu kò pé ìwé kan ṣoṣo ni yóò máa wà láti ọjọ́ náà. Ọmọ náà á máa dúró fún wákàtí kan lẹ́yìn ilé ìwé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, èmi á gba ti Sátidé. Nígbà tí mo dìde, tíṣà rọra sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ẹ̀yin náà, sà, 'A dúpẹ́' lẹ̀ ń kọ sí mi. Mi ò mọ ohun kan nípa bí ó ṣe ń ṣe nílé."

Mo kó ìwé méjèèjì lọ sílé.

Nígbà tí ọmọ náà dé, mo gbé ìwé kejì síwájú rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo bínú sí tíṣà. Mo ní díẹ̀. Ó ní òun ńkọ́, mo ní rárá. Ó rò ó.

"Ṣé kí n ṣì máa bá yín fọwọ́ sí i, Dádì?"

"Èmi ni màá máa fọwọ́ sí i."

"Tiyín kì í gún."

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin iwájú ilé gbọ́, ó sì wá bá mi. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti ń gbọ́ nǹkan báyìí, ewúrẹ́ mi ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ òun láti oṣù kejì. Mo bi í pé kí ló tún kù. "Ó kù, bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa mú un díẹ̀díẹ̀." Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, mo máa ń bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Mi ò sì gba tíṣà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ pé ọmọ ti ń gbìyànjú, mo lọ bi í pé nínú ìṣirò wo. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi píìnì so iṣẹ́ ọmọ náà gan-an mọ́ ojú ewé, pẹ̀lú gbogbo àmì àṣìṣe rẹ̀, kí n lè fi ojú ara mi rí i. Ní Sátidé, a ń pín kajú, a ń pín iṣu. Ní ọjọ́ kan mo ní kó ṣàlàyé fún mi ìdí tí ìdá kan nínú mẹ́jọ fi kéré.

Ó ní bí àwọn tó fẹ́ jẹ búrẹ́dì kan bá pọ̀, ti ẹnìkọ̀ọ̀kan á kéré. Ó wo iṣu tó wà lórí àwo. "Bíi tiwa yìí, ìdá kan nínú méjì ni. Tẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò. Mo gé iṣu náà sí méjì.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn sáà, ìlà kejì gùn. Tíṣà kọ ọ́ pé ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀ síra kò tíì yé e dáadáa, àyọkúrò wọn pàápàá. Ní ìlà kẹta ó ní òun ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú àwọn tó máa tún kíláàsì ṣe, bí mo bá gbà láti máa bá a ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìsinmi. Kí n kọ èrò mi.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mò ń wò ó bóyá àánú ló mú kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo tú ìwé tó so mọ́ ọn, ìṣirò mẹ́wàá, mo sì fúnra mi ṣe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí bébà mìíràn. Mẹ́fà ni ọmọ náà gbà, mẹ́fà náà sì tọ̀nà. Nígbà náà ni mo kọ ọ́ pé mo gbà, pé a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àyọkúrò. Mo kọ ọ́ pé ó ṣì máa ń jí sọkún láàárọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójoojúmọ́ mọ́. Mo ronú díẹ̀, mo fi kún un pé mo ti ń jẹ oúnjẹ mi tán ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí tíṣà bá mi sọ fún un, nítorí pé bí mo bá sọ ọ́ fúnra mi, kò ní gbà.