Ìrora Tí Tíṣà Kò Dárúkọ

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wá ibi tó tutù jókòó sí. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn kó na ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ọ̀rọ̀ eré sísá ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo rántí ìgbà tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí mo ń sáré kiri ìgboro Sókótó bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé bọ̀. Fóòmù ni mo ń tà nígbà náà ní Mabera, fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì. Láti àárọ̀ títí dalẹ́ ni mo fi ń sọ fún àwọn oníbàárà pé oorun dára, pé ìsinmi ló ń tún ara ṣe. Èmi tí mo ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ìdùbúlẹ̀ ń bà mí. Bàbá mi sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà, orí àga ìrọ̀gbọ̀kú ni wọ́n ti bá a, rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ orí mi wá ń sún mọ́ tiwọn, mo gbà lọ́kàn ara mi pé bí n kò bá ti sinmi, ikú kò ní rí mi mú. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo dá a rò, èmi náà ni mo sì gbà á gbọ́.

Àwa mẹ́ta la jọ ń sá eré náà. Tíṣà ni olórí wa. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ti kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò títí tó fi fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ sì wà ní Arkilla. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ ṣì le bíi pé kíláàsì wà níwájú rẹ̀. Ẹnìkejì ni obìnrin Ọ̀yọ́ kan tó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí òun náà ti fẹ̀yìn tì. Màmá Nọ́ọ̀sì là ń pè é. Ó máa ń wé híjáàbù rẹ̀ mọ́ra dáadáa, bó bá sì ti gbéra, èmi kì í bá a mọ́. Lẹ́yìn ìrun Àsùbá la máa ń pàdé níwájú ilé Tíṣà, a ó kọrí sí ọ̀nà Kasarawa kí oòrùn tó mú. Àwọn ọmọdé tó ń lọ sílé kéú a máa pariwo lé wa lórí ní èdè Hausa, "Tsofaffi! Tsofaffi masu gudu!" ìyẹn ni pé àwọn arúgbó tó ń sáré. Tíṣà a kí wọn, "Sannunku!", a ó sì máa bá tiwa lọ.

Màrátọ́ọ̀nù kan tí wọ́n fẹ́ sá ní ìlú kan lápá gúúsù la ń múra fún. Tíṣà ló fi orúkọ wa sílẹ̀. Ó ní ó tó àsìkò kí àwọn ọmọ wa náà rí àwòrán àwọn òbí wọn fi yangàn. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni a fi ń fi kún ọ̀nà tí à ń sá. Ọyẹ́ gbé wa, eruku kún ojú wa, ètè wa là. Nínú gbogbo rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ mí jù ni ọkàn mi máa ń balẹ̀ jù. Ìgbà tí wọ́n ní ká sinmi ni wàhálà dé.

Nítorí àwọn tó mọ màrátọ́ọ̀nù sá kì í sáré àsápa títí di ọjọ́ ìje. Bó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn a máa dín eré kù díẹ̀díẹ̀, kí ara tó ti gbọgbẹ́ lè san, kí agbára tó ti tán lè padà. Àwa ń pè é ní hútù, torí bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìsinmi nìyẹn. Màmá Nọ́ọ̀sì ló là á yé wa.

"Nínú hútù yìí," ó ní, "ara yín á máa purọ́ fún yín o. Ibi tí nǹkan kan ò ṣe á máa dùn yín. Ẹ má dá a lóhùn. Ara tí wàhálà ti mọ́ lára, kò mọ ohun tó máa fi ìsinmi ṣe ni."

Háà, ara mi purọ́! Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì hútù náà, mo dùbúlẹ̀ lórí ọ̀kan nínú fóòmù tí mo ń tà, mo gbọ́ tí ọkàn mi ń lù nínú etí mi. Ó lù, ó dúró, ó pẹ́ kó tó tún lù. Mo ní, ó ti dé nìyí o. Mo fò dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò láàárín ọjà mi kí ọkàn náà má bàa gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni oníbàárà kan ti wọlé bá mi.

"Alhaji, ṣé kò sí o? Àbí eku ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, eku ni. Obìnrin náà yí padà, kò ra fóòmù lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ kan tí n kò mú ẹjọ́ ara mi wá bá àwọn méjèèjì.

"Tíṣà, orúnkún mi ọ̀tún ń dún."

"Ẹ jẹ́ kó máa dún."

"Gìgísẹ̀ yìí náà gbóná."

"Alhaji, àná etí, òní gìgísẹ̀. Ṣé etí lẹ máa fi sá màrátọ́ọ̀nù ni?"

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Tíṣà," ni Màmá Nọ́ọ̀sì máa ń sọ, tí yóò máa rẹ́rìn-ín. "Hútù ló ń dààmú Alhaji."

Nígbà tó sú Tíṣà, ó ṣòfin. A ní kẹ́ẹ̀gì omi kan tí a máa ń fi àpò aṣọ olókùn gbé kọ́ ẹ̀yìn, àwa mẹ́ta la sì jọ ń gbà á gbé tẹ́lẹ̀. Tíṣà ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá dárúkọ ìrora kankan, òun ni yóò gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ kejì, ní àlọ àti àbọ̀. Ta ni ẹ rò pé ó ń gbé e? Mo gbé e títí okùn rẹ̀ fi bó mi léjìká. Mo ní ẹ wo èjìká mi. Tíṣà ní, "Èjìká! A ti gbọ́. Ẹ tún gbé e lọ́la."

Bí mo ṣe pa ẹnu mi mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí mo ti ń fi ẹnu tú jáde wá dúró sínú mi, ó ń wú. Bí mo bá jẹun, mo ń ṣọ́ àyà mi. Bí mo bá ń kírun, tí mo forí kanlẹ̀, mo ń rò ó pé ṣé n ó lè gbé e sókè. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sáré lọ láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan, a ń ṣe bí ọ̀dọ́.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, a dé iwájú ilé Tíṣà, kẹ́ẹ̀gì ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló dárúkọ ìrora?" ni Màmá Nọ́ọ̀sì bi í.

"Kò sẹ́nì kankan. Ó kàn wù mí gbé ni."

A rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, òun náà ló tún gbé e. Màmá Nọ́ọ̀sì ní bóyá ìje kẹ́ẹ̀gì ni Tíṣà fẹ́ bá wọn sá. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú mi. Mo mọ ọkùnrin yìí. Ọjọ́ kan wà tó pẹ́ jáde sí wa. Ó fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú ilé ara rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó ní bí òun ṣe ń jẹ àwọn ọmọ kíláàsì níyà nìyẹn, òun náà gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Àwọn ará àdúgbò ń wò ó, kò dìde títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀yìn mi ló wà. Tíṣà tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun! Mo bojú wẹ̀yìn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ di àgbọ̀n rẹ̀ mú bí ẹni tí eyín ń dùn. Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì dá ohun tó wà níbẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí gbogbo àárọ̀ ni mò ń rí i nínú dígí mi. Ẹ̀rù ni. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: ọkùnrin yìí ń jìyà òfin rẹ̀ nítorí ìrora kan tí kò fẹ́ fi ẹnu dárúkọ.

Mo dúró. Mo ní, "Tíṣà, níbo ló ń dùn yín?"

"Ẹ máa sáré, Alhaji."

"Mi ò sáré mọ́." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Kasarawa, nínú eruku, mo ká ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ dìde jàre! Ẹ̀ ń dójú tì wá. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń wò wá."

"Bẹ́ẹ bá sọ ibi tó ń dùn yín, n ó dìde. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹ lọ fi mí sílẹ̀ níbí."

Màmá Nọ́ọ̀sì ti padà wá bá wa, inú ń bí i. "Alhaji, ṣé hútù náà ló tún dé?"

N kò wò ó. Tíṣà ni mò ń wò. Ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ká mọ́.

"Àgbọ̀n mi ni. Irọ́ ara ni, mo mọ̀. Bí mo bá dúró, á lọ. Ó kàn ti ń wá sí apá mi òsì láti àná."

N kò rí i rí kí ojú ènìyàn yí padà bí ojú Màmá Nọ́ọ̀sì ṣe yí padà. Ó já kẹ́ẹ̀gì kúrò lẹ́yìn Tíṣà, ó mú un jókòó tì mí, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ti rọra dúró lójú ọ̀nà, ó ń béèrè pé, "Baba, lafiya?" Màmá Nọ́ọ̀sì pariwo mọ́ ọn pé, "Asibiti! Maza-maza!" pé ilé ìwòsàn ni, kó yára.

Nínú kẹ̀kẹ́ náà, àárín wa ni Tíṣà jókòó sí. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo rí bàbá mi, mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi èjìká tì í padà, mo ń ké, "Ẹ má dùbúlẹ̀, Tíṣà! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sinmi!"

"Alhaji!" Màmá Nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ mi. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fara tì yín. Ìsinmi ni wọ́n nílò. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi!"

Mo jẹ́ kó fi orí lé èjìká mi. Gbogbo ọ̀nà tí mo ti sá láyé mi, kò sí èyí tó gùn tó láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí, mo ń dúró de èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà kan ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi gbàgbé láti mí. Ó wá la ojú díẹ̀.

"Alhaji," ó ní, "fóòmù yín yìí le o."

Dókítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sọ́kàn rẹ̀ ló fẹ́ dí. Ó ní bó bá fi lọ sá màrátọ́ọ̀nù náà, ibẹ̀ ni ì bá kú sí. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Ìyàwó Tíṣà dé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kì í ṣe ẹnìkejì tòsì. Ó wọlé rí ọkọ rẹ̀, ó jáde, ó dúró níwájú èmi àti Màmá Nọ́ọ̀sì. "Gbogbo yín, pẹ̀lú ọjọ́ orí yín," ó ní, "kò sẹ́ni tó lè la ẹnu sọ pé ó ń dun òun?" Kò sì sẹ́ni tó lọ sí ìje nínú wa lọ́dún náà.

Ọdún mélòó kan ti kọjá. Tíṣà wà láàyè, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó má sáré mọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tó rí i pé eré ti parí fún òun, ó ní òun fẹ́ pín ogún òun lójú ara òun. Bàtà eré rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé e fún oníkẹ̀kẹ́ ọjọ́ náà láìbi í léèrè, ọkùnrin náà sì fi ń wa kẹ̀kẹ́ kiri Mabera títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi ṣí. Aago ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì, tó fi sá màrátọ́ọ̀nù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tó sì padà wá pẹ̀lú èékánná ẹsẹ̀ dúdú. Ìyàwó rẹ̀ jogún gbogbo àárọ̀ rẹ̀. Ó ń ráhùn sí mi pé Tíṣà a máa jókòó sí ilé ìdáná, a máa kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń din àkàrà.

Èmi ló fún ní iwájú tirẹ̀, ipò olórí wa. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn, pé ojo ni mí. Tíṣà ní ìdí tí òun fi gbé e fún mi gan-an nìyẹn. Àwọn àgbà tuntun ti dara pọ̀ mọ́ wa, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì àti oníṣòwò, púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ sáré, ìrìn la jọ ń rìn. Èmi náà ti ń sùn lọ́sàn-án báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi kì í kúrò láyà kí oorun tó gbé mi lọ. Láràárọ̀, ká tó gbé ẹsẹ̀ kan, a ó tò yíká, olúkúlùkù a sì sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹnikẹ́ni kì í rẹ́rìn-ín. Ẹjọ́ ara mi ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á sì wá ibi fara tì, torí wọ́n mọ̀ pé tèmi á pẹ́.