Abdulwaris Tó Fẹ́ Fi Ọ̀wọ̀ Pàdánù Ogun

Abdulwaris ọ̀rẹ́ mi ń tún fóònù ṣe ní Táíwò Road, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti kúrò báyìí, amọ̀ ló ń mọ: oṣó, àǹjọ̀nú, ọmọ ogun tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Orí tábìlì ni èmi àti ẹ̀ ti ń kó wọn ja ara wọn. Àgbààyà méjì.

Eré méjì la ní. Nínú ti àkọ́kọ́, dáìsì lọ̀gá. Oṣó rẹ lè pe iná léraléra, ṣùgbọ́n bí dáìsì bá kọ̀, òun gan-an niná máa jó. Èkejì kò ní dáìsì. Òkúta mẹ́fà lẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà, gbogbo ayé á sì máa wò ó. Ìrìn ń jẹ ẹyọ kan, idán ń jẹ méjì. Bí o bá ná an tán, jókòó jẹ́ẹ́. Èmi fẹ́ràn dáìsì, torí mo lè dá a lẹ́bi.

Wàhálà dé nígbà tí Abdulwaris fẹ́ fẹ́ Fìrdáúsì. Bàbá ọmọ, Alfa Gàní, gbọ́ pé ó ń ju dáìsì, ó ní tẹ́tẹ́ ni, kí bàbá Abdulwaris má wulẹ̀ wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òun.

La bá kó eré olókùúta lọ sílé Alfa, kó lè rí i pé kò sí haramu níbẹ̀. Alfa wò ó títí, ó fa àga súnmọ́ tábìlì.

"Èmi náà á ta á."

Òmùgọ̀ ọ̀rẹ́ mi wá rò ó pé èèyàn kì í na àna ẹ̀. Ó pinnu láti pàdánù. Ká ní dáìsì ni, ta ni ì bá mọ̀? Àǹjọ̀nú Alfa ń wó odi amọ̀ Abdulwaris, òkúta mẹ́rin ṣì wà níwájú ẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn. Ojú tì mí.

Alfa dáwọ́ dúró. "Subuhanallahi! Ilé ẹ ń wó, o jókòó ti ohun tó o lè fi gbà á là. Ṣé bó o ṣe máa bọ́ ọmọ mi nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, Alfa. Ọ̀wọ̀ ni."

"Irọ́ ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà? Tún un tò!"

Fìrdáúsì yọjú lẹ́yìn kọ́tìnnì. "Abdulwaris, tó o bá tún dójú tì mí, má padà wá o!"

Wọ́n tún un tò, Abdulwaris na bàbá náà bí ẹní na bàrà. Kò ṣẹ́ òkúta kankan kù. Alfa ń ṣa òkúta jọ, èmi ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà mi.

"Ṣé bàbá ẹ mọ eré yìí ta?"

"Rárá, Alfa."

"Ó dáa. Kó wá tọrọ ọmọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Èmi àti ẹ̀ la máa ta á."