Julianah Tí Wọ́n Ń Rán Lọ Túfọ̀

Ní àdúgbò Igbóná l'Óṣogbo, bí Julianah Fákúnlé bá yà sílé ènìyàn láìsọ tẹ́lẹ̀, onílé á kọ́kọ́ ka àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó dá a lóhùn. Ẹ má bínú sí wọn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí obìnrin ọmọ Ọ̀tan-Ilé yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan níbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kú sójú títì, tàbí tó sùn tí kò jí, ọ̀gá á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe Màmá Julianah." Àwọn ọkùnrin tó ń pariwo bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá fáìlì lábẹ́ tábìlì.

Kò kọ́ iṣẹ́ ìtúfọ̀ níbì kankan. Àṣìṣe ló fi kọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rán an, Alékùwódò ni, sọ́dọ̀ Rùkáyà, ìyàwó dírẹ́bà iléeṣẹ́ wọn. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, nínú ààwẹ̀ Rámádáánì. Julianah ọmọ Mẹ́tọ́díìsì kò rántí ààwẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ikú dírẹ́bà náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un. Obìnrin tí omi kò kàn lẹ́nu láti ìdájí ṣubú lulẹ̀ gbì, orí rẹ̀ sì gbá etí àtẹ̀gùn. Ó là á já, ṣùgbọ́n àpá náà wà níwájú orí rẹ̀ títí di òní. Rùkáyà kò bínú sí i rí. Julianah ló bínú sí ara rẹ̀. Wákàtí méjì péré! Ká ní ó jókòó, kó jẹ́ kí obìnrin náà ṣínu.

Láti ọjọ́ náà, kì í túfọ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Bó bá dé ilé, á jókòó, á bèèrè omi, á mu ún. Lẹ́yìn náà á bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Bí wọn kò bá tíì jẹ, á dúró tì wọ́n títí wọn á fi jẹ òkèlè mélòó kan, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ń jó o lẹ́nu bí ẹ̀yinná. Ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ tán ló tó ń di ọwọ́ wọn mú. Kì í sì í ṣe pé ó túfọ̀ tán, ó lọ nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí wọ́n bá ti ká kánópì, tí àwọn tó wá jẹ jọ́lọ́ọ̀fù ti bá tiwọn lọ, á tún padà wá. Á bá opó fa omi, á jókòó tì í níwájú àwòrán olóògbé, á ní kó sọ ohun kan tí ọkọ rẹ̀ máa ń ṣe tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ìwà rere náà ló wá di wàhálà sí i lọ́rùn. Òṣogbo kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti mọ bó ṣe ń ṣe é. Lọ́dún tó kọjá, ó pàdé Bólúwají, akọ̀wé kékeré kan ní ọ́fíìsì wọn, ó rí i pé ọmọ náà ti rù. Ó ní, "Bólúwají, ṣé o ti jẹun?" Bólúwají ju fáìlì sílẹ̀, ó figbe ta: "Ta ni, mà? Ṣé ìyá mi ni?" Odidi ọ́fíìsì dìde. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìbọ́ bàtà. Ìbéèrè tí a fi ń ṣìkẹ́ ara wa, òun kò lè bi ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sì sẹ́ni tó ń bi òun náà. Ó rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò.

Ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì nígbà tí Akínkúnmi, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìkẹyìn ìyá wọn, kú ní Iléṣà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹbí péjọ sílé olóògbé. Wọ́n ní Màmá Cecilia, ìyá wọn, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó wà ní Ọ̀tan-Ilé, kò gbọdọ̀ gbọ́. Kí wọ́n sọ pé ọmọ rẹ̀ ti lọ sókè òkun.

Julianah kọ̀. "Ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ," ó ní. "Ṣé kí Màmá máa wo ojú ọ̀nà títí ọlọ́jọ́ á fi dé ni?"

Cornelius, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, gbójú sókè. "Ó dára. Ta ni yóò lọ sọ fún un?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Julianah.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé èyí," ó ní. "Ọ̀fọ̀ ṣẹ èmi náà. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n."

"Mo mọ̀, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Bí ẹni pé ọrùn kì í ro ẹni tó bá mọ ẹrù rù.

Ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀tan-Ilé. Kò sunkún lójú ọ̀nà. Ta ló ń sunkún lọ túfọ̀? Ó kàn ń tò ó sínú ara rẹ̀ ni: omi, oúnjẹ, ọwọ́. Nígbà tó dé, Màmá Cecilia jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Julianah kúnlẹ̀ kí i, wọ́n wọlé, ó bèèrè omi. Ìyá bu omi fún un, ó mu ún tán. Ó la ẹnu láti bi í ní ìbéèrè tó ti bi àìmọye ènìyàn.

Ìyá ṣáájú rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ó fi oríkì pè é, "ṣé o ti jẹun?"

Julianah gbé ife omi sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́. Julianah fúnra rẹ̀ ló ti ń ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún un láti ọjọ́ yìí wá.

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Urọ́ ni. Èyítáyọ̀, ùyàwó àbúrò ẹ, ti pè mí lórí fóònù ní ìdájí. Ẹkún kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Mo mọ̀ pé ùwọ ni wọn á rán. Mo ní kí wọ́n gún uyán dè ọ́. Jẹun ná."

Abọ́ méjì ni ìyá ṣí lórí tábìlì. Julianah bu òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu. Ìyá dúró tì í títí ó fi gbé e mì. Ó jẹ ìkejì, ó jẹ ìkẹta. Nígbà tó jẹ ìkẹrin, ìyá bomi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ fún un bí ẹni ń fọwọ́ fún ọmọdé, ó nù ún gbẹ, ó sì di ọwọ́ náà mú.

"Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi," ó ní, "Akínkúnmi ti kú."

Ìgbà yẹn ni Julianah tó gbọ́. Igbe tó ké, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ, wọ́n sì sáré wá bá wọn.